Wọ́n Wá Jó Níwájú Ilé Rẹ̀

Nígbà tí Mowe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀, láàárín 1990 sí 2000, agbára káká ni Sátidé kan fi ń kọjá kí ẹnìkan má ṣílé. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí ìjọba ṣí ní 1978 ló la igbó ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìjọ Ìràpadà ra ilẹ̀ tí wọ́n sọ di Ibùdó Ìràpadà ní 1983, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Àwọn ayálégbé láti Múṣín, Ṣómólú àti Agége ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n ń san owó ìpìlẹ̀, wọ́n ń san owó òrùlé, wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti kan páànù tán, bí fèrèsé kò tilẹ̀ tíì sí, bí wọn kò tíì rẹ́ ilẹ̀ yàrá, yóò kó wọlé, yóò sì pe àlejò. Wọn á se ìrẹsì Ọ̀fàdà, nítorí Ọ̀fàdà kò jìnnà sí wa, láti Mowe ni ọ̀nà ti yà síbẹ̀. Télọ̀ ni mí. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rán aṣọ ẹbí, nítorí náà mo máa ń mọ ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọn kò pè. Ẹnìkan wà tí wọn kì í gbàgbé láti pè rárá, ìyẹn ni lánlọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Èkó.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù tó já wáyà iná wọn, tó kó ẹrù wọn síta nínú òjò, tó bú ìyàwó wọn níṣojú ọmọ nítorí owó ilé oṣù méjì, òun gan-an ni wọ́n ń fẹ́ kó wá jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Mo wà ní ìṣílé kan ní Ibafo tí ẹni tó ń ṣílé ní kí onílù dúró ná, nítorí bàbá onílé rẹ̀ ti Ṣómólú kò tíì dé. Oúnjẹ ti ń tutù, àwọn àlejò ń wo ojú ara wọn. Nígbà tó yá, bàbá náà dé, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń du ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹni tó ń ṣílé dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un yípo ilé, yàrá dé yàrá, ó ń fi ọwọ́ lu ògiri kí bàbá lè gbọ́ bí búlọ́ọ̀kù ṣe kún tó. Bàbá ń sọ pé, "Ẹ kú oríire, ẹ kú oríire." Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ mú un lọ wo kànga, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun.

Mo ti ń rí irú rẹ̀ láti ìgbà èwe mi ní Ifọ̀, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí Ọlọ́run yọ nínú ìyà, tí inú rẹ̀ dùn, lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó máa jó nínú yàrá. Ayọ̀ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yọ ẹlòmíràn, ojú ẹni náà ló ń wá. Bí kò bá rí ojú yẹn, kó rí i bó ṣe ń fà ro, gbogbo ìlù àti ẹran tó pa, kò tíì jẹ nǹkan kan.

Ilé wa ní Ifọ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ojú irin tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, ìlú wa ló ti ya ẹ̀ka, apá kan gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, apá kejì gba ọ̀nà Ìláròó lọ sí Ìdógò. Ìròyìn yòówù tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, a ń gbọ́ tiwa nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́, ní oṣù karùn-ún 1962, pé wọ́n ti ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, pé ìjọba àpapọ̀ ti gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì ti gbé e lé Dókítà Majẹ́kódùnmí lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, Olóyè Akíntọ́lá padà sórí àga Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Olóyè Awólọ́wọ̀ sì ń jẹ́jọ́ pé ó fẹ́ fi ipá gba ìjọba. Inú oṣù keje 1963, tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí Awólọ́wọ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ dá bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi ní télọ̀. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń tẹ̀lé Akíntọ́lá, nínú àwọn tí a wá ń pè ní Dẹ́mọ́ lẹ́yìn náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn ẹ̀wọ̀n náà dé, ó háyà onílù, ó ní kí wọ́n lọ máa lù níwájú ilé ọkùnrin oníṣòwò obì kan, ògbólógbòó ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé kò jẹun láti àárọ̀ nítorí ìròyìn náà. Wọ́n ń lù, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ pé kó jáde wá gbọ́ orin. Ó jáde. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó tẹ́tí sí wọn dáadáa bí ẹni tí wọ́n wá kí. Nígbà tó yá, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣáájú onílù níwájú orí. Onílù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́. Ó yí ọ̀pá gángan padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oníṣòwò obì náà láti orí bàbá rẹ̀ dé orí baba-baba rẹ̀. Ẹni tó háyà wọn dúró lọ́nà, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ẹ̀rín tí adúgbò rín lọ́jọ́ náà, ọmọ Dẹ́mọ́ rín in, ọmọ Ọlọ́pẹ rín in.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dúró síbi ẹ̀rín. Ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1965 ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n jí ìbò gbé níṣojú àwọn tó dì í, ẹni tí ìlú kò yàn ni wọ́n kéde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wẹ́tíẹ̀ bẹ́. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń dà sára ilé, sára mọ́tò, àti sára ènìyàn, kí wọ́n tó ṣáná sí i. Múṣín ń jó, Ìjẹ̀bú ń jó, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin Dẹ́mọ́ tó háyà onílù fi òru sá kúrò ní Ifọ̀. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ó rò pé kò sẹ́ni tí yóò bá obìnrin jà.

Sátidé ni ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966. Nígbà tí rédíò àti asọ̀rọ̀mágbèsì sọ pé àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, tí a sì gbọ́ pé wọ́n ti pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọjà dàrú fún ayọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe Ifọ̀ nìkan. N kò bá ẹnikẹ́ni wí fún ayọ̀ yẹn. Àwọn tó sin òkú ọmọ wọn nínú wẹ́tíẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Àmọ́ kò pẹ́ tí ijó fi kúrò lọ́jà. Wọ́n yà sí àdúgbò wa, wọ́n dúró níwájú ilé ọkùnrin tó sá, wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè. Kó jáde. Kó wá wò wọ́n. Mo rí àwọn obìnrin tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń ra epo lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Àwa ọmọ iṣẹ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀gá wa ní kí a wọlé, a kò wọlé. Wọ́n pè é títí. Ẹnìkan ju òkúta lu páànù. Ilẹ̀kùn kò ṣí, fèrèsé kò ṣí. Mo kíyè sí i pé ó rẹ ijó náà kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ sì ni àárẹ̀ kò tíì mú wọn lọ́jà níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n ń dúró dè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn pé ó ti sá tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, ilé òfìfo ni àwọn ń jó fún. Wọ́n túká pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kò sá. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tí a jọ di àgbàlagbà, sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé inú yàrá ni gbogbo wọn wà. Ìyá wọn da ẹ̀gúsí sórí atẹ, ó ní kí wọ́n máa bó o. Bí ariwo bá ti ga, á tún da òmíràn kún un. Ó ní títí dòní, òun kì í jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìyá yẹn kò ka ìbò, kò kéde ẹnikẹ́ni, kò da bẹntiróòlù sí ilé ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn kan lọ pe oníṣòwò obì náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kó jáde, ọjọ́ rẹ̀ ti dé, kó wá gbẹ̀san ìlù tí wọ́n lù fún un. Ó ní òun ti sanwó ìlù yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé àwọn baba wa kì í fi ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣẹ̀sín ni? Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gba ojú irin wa dé òpin rẹ̀ ní Ìdógò, ilẹ̀ Yewa ni ẹ wà, ilẹ̀ Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru, nínú ọjà, Ẹ̀fẹ̀ máa ń kọ ìwà àwọn ènìyàn lórin, olè, alágbèrè, olóyè tó jẹ owó ìlú. Gbogbo ìlú á gbọ́, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Òru rẹ̀ wà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà, ẹni tó ń kọ ọ́ wà. Ohun tí ènìyàn ṣe ni wọ́n ń kọ lórin, kì í ṣe ohun tó ṣe é. Olè ni Ẹ̀fẹ̀ ń bú, kò ní lọ bú ẹni tí olè jà. Ilẹ̀ á mọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó fún àwọn ìyá, ẹni tí wọ́n kọ lórin á sì tún máa ná ọjà kan náà pẹ̀lú àwọn tó gbọ́ orin. Kò sí ẹni tó ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gánà ló nira jù fún mi láti sọ, nítorí ẹni tó ṣe é jẹ́ èèyàn rere, mo sì mọ ohun tó jẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé gbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, Yorùbá sì pọ̀ nínú ìyẹn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìnísà, tí àwọn míì nínú wọn ti bímọ, tí wọ́n ti ní àrọ́mọdọ́mọ síbẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọ̀kan nínú wọn wá sí Ifọ̀ nítorí ibẹ̀ ni àna rẹ̀ wà. Aláṣọ ńlá ni ní ọjà Kùmásì. Ní Ifọ̀, orí atẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra òwú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sín wọn jẹ. Ó gbọ́ ọ, kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di olówó, tí nǹkan sì bàjẹ́ ní Gánà. Àwọn ará Gánà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tíṣà wà nínú wọn, bíríkìlà, télọ̀, àti atúnbàtàṣe. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní 1979 fún wọn láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ọ̀pọ̀ sì dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan wà tó ń tún bàtà ṣe nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ifọ̀. Ó bá àwọn ọmọ mi tún sàńdà ilé-ìwé ṣe láìgba owó títí oṣù á fi parí. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ìbò 1983 ń bọ̀, tí Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fún Ṣàgàrí, kéde ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí àṣẹ náà bá, ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ibodè rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 1982, Bẹ̀nẹ̀ náà ti tiwọn, nítorí náà àwọn ènìyàn ń sùn sílẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù títí di ọjọ́ 29 oṣù náà tí Rawlings, olórí Gánà, ṣí ọ̀nà. Àpò ńlá alárànbarà tí wọ́n kó ẹrù sí ni a fi ṣẹ̀fẹ̀ tí a sì sọ ní Gánà-mọ́sì-gò. Orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Ní ọjọ́ tí ọmọ atúnbàtàṣe náà máa wọkọ̀, aláṣọ Kùmásì yẹn gbé àga láti ilé rẹ̀ wá sí gáréèjì. Ó gbé e síbi tó kọjú sí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń wọ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó fi sílẹ̀ ní 1969. Ìgàn aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kà á. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó kà á. Bẹ́ẹ̀dì onírin, àgbá omi, fọ́tò ìyá rẹ̀ tó wà lára ògiri. Kò kà á ní Yorùbá. Èdè wọn ló fi ń kà á, kí ọmọ náà lè gbọ́. Àwa tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ju orúkọ Kùmásì lọ, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń ṣe, àwọn kan sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni atúnbàtàṣe yẹn nígbà tí Busia pàṣẹ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tẹrí ba, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún bàbá náà, ó sì padà wọkọ̀. Bàbá dákẹ́. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé. Àtẹ́wọ́ tán. Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ fún mi ohun tó gbọ́. Ó ní ọmọ náà sọ pé ìyá òun jẹ aláṣọ Yorùbá kan ní gbèsè nígbà tí wọ́n lé wọn, pé láti ìgbà náà, bí ìyá òun bá ti rí aṣọ yẹn nínú àpótí, á máa béèrè pé ọ̀nà wo ni òun lè gbà san án. Bàbá aláṣọ náà ní òun kò mọ ìyá ọmọ yẹn, gbèsè tòun kọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí léèrè pé, "Ta ni mo wá ń kà á fún?"

Mo ti kó lọ sí Mowe kí 1998 tó dé. Mọ́ńdè, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ni a gbọ́ pé Ọ̀gágun Abacha tó ń ṣèjọba ti kú. Èmi náà jáde sí títì, n kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀. Láti 1994 ni Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá ẹgbẹ́ wa, ti wà ní àtìmọ́lé nítorí ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 tó jáwé olúborí nínú rẹ̀. Wọ́n ti yìnbọn pa Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1996. Wọ́n ti so Ken Saro-Wiwa. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sókè, kò mọ̀ bóyá ilé ni òun máa sùn. Nígbà tí ẹrù bá kúrò lórí ènìyàn, ọrùn á nà. Àwọn awakọ̀ fi ewé há iwájú mọ́tò, wọ́n ń fọn fèrè láti Lọ́ńgì Bíríìjì dé Ṣàgámù.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kan kúrò lójú títì, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran súyà kan ní Ibafo, ọmọ Kano, ẹni tó ti ń ta súyà fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kó jó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò rí i rí. Wọ́n ní kó jó. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jó. Ẹran ń jó lórí iná lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ń jó. Àwọn kan nínú wa sọ̀rọ̀, a ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Oṣù kan kò pé, ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé. Ọkùnrin náà kò gbé atẹ rẹ̀ jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó jáde tí mo bi í, ó ní bí wọ́n ṣe ní kí òun jó lọ́jọ́ ikú Abacha, òun kò mọ ohun tí wọ́n máa ní kí òun ṣe lọ́jọ́ ikú Abíọ́lá.

Láti ìgbà tí ilé ti pọ̀ ní Mowe àti Ibafo, gbogbo wa ti rí oríṣiríṣi rẹ̀. Nígbà tí MMM dì ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, tí owó àwọn tó retí èlé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù há sínú rẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin aláta kan, ní gbangba ọjà, pé èló ni tirẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó dúró létí kòtò yẹn kò kọ́ nǹkan kan, wọ́n ń wọn bó ṣe jìn tó ni. Nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà márosẹ̀ ṣe láti 2013, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń mú wa dé ilé ní ọ̀gànjọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó wà ní Èkó á pè wá lórí fóònù ní agogo mẹ́wàá alẹ́, pé ṣé a ti dé abúlé. Àwọn tiwa náà á dá wọn lóhùn pé, ó dára, ẹ kí lánlọ́ọ̀dù yín fún wa.

Èyí tó dùn mí jù, inú ìṣọ́ òru ni mo ti gbọ́ ọ, ní ilé àdúrà kan lójú ọ̀nà náà. Ọkùnrin kan jáde láti jẹ́rìí. Ó ní oṣù tí òun kan òrùlé ni lánlọ́ọ̀dù tó lé òun jáde kú. Ó dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ àdúgbò. Gbogbo ilé hó, "Halelúyà!" Ẹ̀gbẹ́ mi ni obìnrin kan jókòó sí tó ń gbé àdúgbò tó dárúkọ yẹn. Ó ní òun mọ bàbá náà, ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó tó kú. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò nínú mi. A wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá pé a ní ilé, ẹnìkan fi àgọ́ ara ẹni tó kú ṣe ìpìlẹ̀ ọpẹ́ rẹ̀, àwa tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a hó. Mo lọ bá olórí ìjọ náà láàárọ̀, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun yóò bá àwọn tó ń jẹ́rìí sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè.

Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ó gba ilẹ̀ wa kọjá, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Papalantó, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pè. Ibẹ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ń lọ kí ọmọ mi. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó ń ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀ lórí fóònù rẹ̀: Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ní Olódó, Ládòkè Akíntọ́lá ní Ọmi-Àdìó, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà níbi tí ọ̀nà pin sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ yìí tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣọ̀rẹ́, igbákejì Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́ ni Akíntọ́lá, òun náà ni Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀ fún. Ó ní kí ló wá dé. Mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn, àwọn ènìyàn tí kò sí nínú ìjà wọn ló sì jẹ ìyà rẹ̀ jù, bóyá kí n ti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta epo ní Ifọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀, ó gbé fóònù sáàárín wa, ó ní a kò tíì dé Abẹ́òkúta, kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 1959.